Ọdún tí mo ra fàráńdà méjì ní Salvador

Ní oṣù kìíní, mo kọ nǹkan mẹ́ta sẹ́yìn dáyárì mi: kí n dín iṣẹ́ òru kù, kí n kọ́ èdè Potogí, kí n ra ilé. Iṣẹ́ òru ò dín, ṣe ló lé sí i. Potogí tèmi ò tíì kọjá kí n kí èèyàn, kí n bèèrè iye ọjà. Ṣùgbọ́n mo ra ilé: fúláàtì òkè pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta kan ní Rio Vermelho, ní Salvador, Bahia, ní Bràsíìlì. Fàráńdà kékeré wà níwájú. Ti ẹ̀yìn fẹ̀ tó yàrá méjì, dẹ́kìn orí yàrá ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi ni.

Ẹ má bi mí pé kí ló gbé ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé Peckham ní London dé Bahia. Èmi náà kàn lọ wo ọdún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dún kan ni, láti ìgbà yẹn ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Bàbá Tòmíwá ní, "Ìyá Tòmíwá, ilé Ìbàdàn tá ò tíì kùn ńkọ́?" Mo ní ìyẹn náà ń bọ̀. (Kò tíì dé.)

Òfin ò dí àlejò lọ́wọ́ láti ra fúláàtì nígboro ní Bràsíìlì. Ilẹ̀ oko ni òfin ọdún 1971 há mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni orúkọ ìyá mi. Ẹ ò lè ra ilé láìní CPF, nọ́ńbà owó orí wọn, orúkọ ìyá ẹni sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo kọ Abeke. Wọ́n tẹ Abeque. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó tún un ṣe. Nígbà tí mo sọ fún màámi lórí fóònù, ẹ̀rín pa wọ́n: "Orúkọ tèmi náà ti dé ilé Àgùdà?"

Fúláàtì tí mo kọ́kọ́ rí sún mọ́ omi ju èyí lọ. A fi í sílẹ̀ torí pé ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni: ó bọ́ sáàárín mítà 33 sí ibi tí ìkún òkun dé lọ́dún 1831. Mo ní kí lọ́yà tún un sọ. 1831 náà ni. Bí èèyàn bá máa ta irú ilé bẹ́ẹ̀, ìjọba ní owó tirẹ̀ láti gbà níbẹ̀.

Lọ́yà yìí, ọmọbìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ló bi mí pé ta ló ni fàráńdà ẹ̀yìn. Mo ní ẹni tó ń tà á ni. Ó ní kí n fara balẹ̀: lójú òfin wọn, gbogbo onílé ló jọ ni irú dẹ́kìn bẹ́ẹ̀, àfi bí ìwé tí wọ́n fi dá ilé náà sílẹ̀ bá sọ pé ti ẹnì kan ni. A wá ìwé náà kàn. Ìlà méjì péré: ti fúláàtì òkè ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó tún fi kún un pé ẹni tó bá ni ín ni yóò máa tún un ṣe, kó má baà ba ilé ẹni ìsàlẹ̀ jẹ́. Etí mi gbọ́, ọkàn mi ti wà níbi tí màá gbé àga sí.

A fọwọ́ síwèé ní oṣù kẹta, pẹ̀lú ògbufọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo san ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé fún ìjọba ìlú. A sì gbé ìwé lọ fún ìforúkọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí láìsí ìyẹn, olówó ni èèyàn kàn jẹ́, kì í ṣe onílé.

Oṣù kejì tí oòrùn ń ta ni mo ti yẹ ilé náà wò. Táìlì ẹ̀yìn tuntun ni, ó ń dán, a sì yin ẹni tó ta á fún wa. Ta ló ń wá omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Láti oṣù kẹrin ni òjò Salvador máa ń dà. Ní oṣù karùn-ún, aago mẹ́ta òru, mo wà ní wọ́ọ̀dù nígbà tí fótò wọlé sórí WhatsApp: àjà yàrá ìyá ìsàlẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì, abọ́ aláwọ̀ búlúù kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò bú mi. "Ọmọ mi" ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

Òjò ò jẹ́ ká lè ṣiṣẹ́ gidi, ọ̀dà àti tapólì la fi ń rọ́jú. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n hú táìlì. Ibi tó là gbọọrọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, láti ògiri dé ògiri. Reais 14,000 ló lọ síbẹ̀, ìyẹn owó tí mo ní lọ́kàn fún àga, fún òdòdó àti fún ọkọ̀ òfurufú màámi. Wọ́n da ohun tí kì í jẹ́ kómi wọlé sí i, wọ́n dí ihò tómi ń gbà jáde, wọ́n pọn omi kún gbogbo fàráńdà, wọ́n fi sílẹ̀ fún wákàtí 72.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìyá ìsàlẹ̀ ń fi fótò àjà ránṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Èyí tó kẹ́yìn, àjà gbẹ, ó ti da ojú abọ́ búlúù náà dé.

Táìlì ló kù. Oníṣẹ́ ní ó di ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ìyá.