Ohun tí ojú mi rí lórí Saffron Walden

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣèwádìí lórí ìdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ka iṣẹ́ ẹni méjì nínú yín lọ́sẹ̀ yìí, àyà mi já. Àṣìṣe tó dójú tì mí níjọ́sí náà lẹ tún ń ṣe.

Èkíní, ẹ wá ọdún tí wọ́n dá ẹkùn ìdìbò sílẹ̀ àti ọdún tí wọ́n pa á rẹ́. Saffron Walden, ní Essex, 1885 ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2024, North West Essex rọ́pò rẹ̀.

Èkejì, ẹ má fi orúkọ mọ ilẹ̀. Ibí lọ́rọ̀ wà.

Kemi Badenoch, ọmọ Adégòkè tó dàgbà l'Ékòó, ló fà mí débẹ̀. Ó wọlé sílé aṣòfin láti Saffron Walden ní 2017. Ẹkùn yìí kan náà ló gbé R. A. Butler wọlé láti 1929 títí di 1965, Butler tó ṣe òfin ẹ̀kọ́ 1944! Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ gbàgàdà pé ọmọ-ọmọ àwọn àgbẹ̀ tó dìbò fún Butler ló dìbò fún ọmọ Yorùbá. Mo to ìbò ayé ọjọ́un àti ti ìsinsìnyí sínú àtẹ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e síwájú èrò, bàbá àgbàlagbà kan nawọ́. Ó ní, "Halstead ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ṣì ń gbé. Butler ni bàbá mi dìbò fún. Èmi ò rí orúkọ Kemi lórí bébà ìdìbò rí. Ibo lo kó wa sí?"

Ẹnu mi wọhò. Halstead ti bọ́ sí ẹkùn Braintree láti 2010. Writtle lẹ́bàá Chelmsford, tí kò sí lọ́dọ̀ Butler, ti wọ inú ẹkùn Saffron Walden. Wọ́n ń tún ààlà pa bí iye olùdìbò ṣe ń yí padà, orúkọ nìkan ló dúró.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi jókòó síwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ka apá iṣẹ́ mi yẹn. Nígbà tá a jáde, ó ní òun rò pé mo mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo sí yín létí.

Mo padà sí ilé ìkàwé. Mo tẹ́ máàpù 1950 sílẹ̀, mo gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, mo fi báírò pupa ya ààlà 2010 sórí rẹ̀. Kí ẹ tó ka ìbò kankan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fi bébà náà ránṣẹ́ sí bàbá yẹn, mo sì yí òbìrí kékeré kan ká Halstead.