Fáànù wọ́ọ̀dù wa àti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó wò

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí àwa nọ́ọ̀sì ṣe ń po kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, tẹ́lẹ̀. Wọ́ọ̀dù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí (ẹ má bi mí léèrè orúkọ ilé ìwòsàn o, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun), Túsìdé àti Tọ́sìdé ni ọjọ́ kímò. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ àwọn aláìsàn á ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹlòmíì ti Ìkòyí wá, ẹlòmíì sùn sílé ẹbí nítorí pé Ìgbòho ló ti ń bọ̀. Èmi àti ẹnì kejì mi á wá dúró ti tábìlì tó wà lẹ́bàá wíńdò, ìbọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ẹni tó bá rí facemask á fi bomú, fáànù onídùúró á máa fẹ́ sí wa lẹ́yìn, torí ẹ mọ bí ooru ìlú yìí ṣe máa ń rí lóṣù kẹta. A ó fa omi sí síríǹjì, a ó gún un sínú ìgò, a ó mì ín, a ó fà á jáde, a ó wá gbé abẹ́rẹ́ sókè ká fi ìka ta á, pà, pà, ká tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí atẹ́gùn inú ẹ̀ lè jáde.

Ìtẹ̀ díẹ̀ yẹn, tí omi á fi tú ṣìì lẹ́nu abẹ́rẹ́, nílé ìwé ni wọ́n ti kọ́ wa. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ibà, kò sí wàhálà. Kímò kì í ṣe abẹ́rẹ́ ibà.

Èyí tó pupa bíi sóbò wà níbẹ̀, doxorubicin, Adria la máa ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó ta sí yunifọ́ọ̀mù mi láyà, mo fi òwú àti sípírítì nù ún, ó tún wá ràn síi, mo bá fi í lẹ̀, mo ń báṣẹ́ lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ẹnu mi ń korò bí ìgbà téèyàn fi kọ́bọ̀ sẹ́nu, orí ń fọ́ mi. Mo ní ebi ni. Mo jẹ àmàlà, mo sùn.

Apoògùn kan ló tú wa láṣìírí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa ni, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wò wá bí a ṣe ń pò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sọ nǹkan kan, àfi lọ́jọ́ kejì tó ní "Ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ṣeré kan lọ́jọ́ Wẹ́sìdé tí kò sí aláìsàn." Ló bá ra omi tonic, ó rọ ọ́ sínú àwọn ìgò abẹ́rẹ́ tó mọ́. Kuiníìnì ló jẹ́ kí tonic máa korò, iná aláwọ̀ àlùkò kan sì wà tó jẹ́ pé tó bá ti kan kuiníìnì, á máa tàn búlúù. Ó ní ká pò ó bí a ṣe máa ń pò ó gan-an, ká má ṣe fínnífínní torí tòun. A tan fáànù. A ta abẹ́rẹ́ pà pà. A so àpò omi kọ́. Ìyá Ṣadé tó ń bá wa gbá wọ́ọ̀dù náà wá nu tábìlì, ó kó ìdọ̀tí lọ bíi ti ojoojúmọ́.

Apoògùn wá ti wíńdò, ó fa kọ́tìnì (NEPA tiẹ̀ ti bá wa pa iná), ó yọ tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ń tan iná àlùkò yẹn, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbọ̀wọ́ mi tàn, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Àmọ́ ọrùn ọwọ́ mi níbi tí ìbọ̀wọ́ parí sí, ó tàn. Àyà yunifọ́ọ̀mù mi, bírò tí mo fi kọ ìwé, ìwé náà fúnra ẹ̀, fóònù mi, ọwọ́ fíríìjì níbi tí a ń tọ́jú oògùn sí tí a tún ń gbé oúnjẹ ọ̀sán àti mínírà wa sí (ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é). Ó kán tó-tò-tó sílẹ̀, ó sì tẹ̀lé ọ̀nà tí fáànù ń fẹ́ sí títí dé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tí àwọn tó tẹ̀ lé aláìsàn wá máa ń jókòó sí. Mátíróònù tó kàn yọjú wá wò wá, ẹyọ kan tàn lójú dígí ẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti Ìyá Ṣadé. Kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ kankan o, ṣùgbọ́n àárín ìka ẹ̀ tàn, ìṣẹ́tí ìró ẹ̀ náà tàn níbi tó nu ọwọ́ sí.

Màmá yẹn na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì mi, ṣé pé a ti ń gba abẹ́rẹ́ tí dókítà ò kọ fún wa látọjọ́ yìí?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn.

Oògùn yìí ò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí irun aláìsàn fi ń rẹ̀, tó bá wá kán sí ara ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ kò ní sọ pé ilé ẹlòmíì nìyí. Ẹ tiẹ̀ mọ ibi tó ti wá? Gáàsì ogun ni babańlá àwọn kan nínú ẹ̀. Nitrogen mustard tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fún aláìsàn ní 1942, ara ìwádìí lórí májèlé ogun ló ti jáde, cyclophosphamide tí à ń gún ní wọ́ọ̀dù wa sì jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀. Ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti fi cyclophosphamide yìí sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́ lára ohun tó lè fa jẹjẹrẹ, òun náà tó ń wò ó!

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láti 1979 ni wọ́n ti yẹ ìtọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wò ní Fínláǹdì, tí wọ́n rí i pé nǹkan tó lè ba àbùdá jẹ́ pọ̀ nínú ìtọ̀ àwọn tó ń pò ó. Ní 1985 wọ́n tún gbé òmíràn jáde lórí àwọn nọ́ọ̀sì Fínláǹdì náà, pé àwọn tí oyún bàjẹ́ lára wọn ló pọ̀ jù tí wọ́n bá oògùn yìí ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, kọ ìkìlọ̀ ńlá síta ní 2004. Èmi parí ilé ìwé nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ létí mi.

Àǹtí kan lọ́dọ̀ wa ní òun ti ń pò ó láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, nǹkan kan ò ṣe òun. Mo ní àǹtí, àwọn tí nǹkan ṣe ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Oyún ẹnì kan lára wa wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan. Mi ò ní í sọ pé oògùn ló fà á o, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ìyẹn. Àmọ́ kò yẹ kí ẹni tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú dúró ti tábìlì yẹn rárá, ó sì dúró tì í, torí pé kò sí ẹni tí yóò gba ipò ẹ̀.

Ẹ̀rọ tó yẹ ká máa pò ó nínú ẹ̀ wà, àpótí onígíláàsì tó ń fa atẹ́gùn wálẹ̀ tó sì ń sẹ́ ẹ kó tó tú u síta. A kọ̀wé, wọ́n ní àwọn ti rí ìwé wa. Nígbà tó yá wọ́n gbé ọ̀kan wá tó jẹ́ pé ńṣe ló ń fẹ́ atẹ́gùn láti inú bọ̀ sójú ẹni tó ń pò ó! Oògùn ni ìyẹn ń dáàbò bò kó má dọ̀tí, kì í ṣe èèyàn. Apoògùn wa kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó gbéra ga. Ó ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rù, wọ́n fi ń gbé páálí lé.

Ká tó rí èyí tó dáa, ohun tí kò ná wa lówó la bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. A pa fáànù, a gbà láti làágùn. Atẹ́gùn tó bá wà nínú síríǹjì, a ò tẹ̀ ẹ́ síta mọ́, inú ìgò náà la ń dá a padà sí. Omi dírípù tí kò ní oògùn nínú la fi ń kún rọ́bà dírípù kí oògùn tó wọ inú àpò. Ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú a ti pààrọ̀ ẹ̀ (mò ń fowó ara mi ra páálí kan nígbà mìíì, ẹ má sọ fún ọkọ mi). Ọṣẹ àti omi la fi ń fọwọ́, torí sanitáísà kàn ń tan oògùn káàkiri ọwọ́ ni, sípírítì mi ọjọ́sí náà nìyẹn. Oúnjẹ ti kúrò ní fíríìjì oògùn, ìjà wà lórí ìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Oògùn yìí máa ń bá ìtọ̀, ìgbẹ́ àti èébì jáde, ó kéré tán fún wákàtí 48, a ó sì rí ìyá tí yóò fọwọ́ lásán fọ aṣọ tí ọmọ ẹ̀ tọ̀ sí pọ̀ mọ́ aṣọ gbogbo ilé nínú báàfù kan náà. Ní báyìí kí wọ́n tó lọ mo máa ń pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dá aṣọ ẹ̀ fọ̀, tó bá jẹ́ ṣáláńgá alomi ẹ dé e kẹ́ ẹ tó da omi sí i, kẹ́ ẹ dà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan máa ń bínú, wọ́n á ní ṣé kí àwọn máa wọ ìbọ̀wọ́ fọwọ́ kan ọmọ àwọn ni. Ó gba sùúrù.

Túsìdé tó kọjá, dókítà tuntun kan wọlé, òógùn bò ó, ó na ọwọ́ tan fáànù. Láti kọ̀rídọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Ìyá Ṣadé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á ná." Ó ní kí ló dé, màmá. Wọ́n gbé mọ́ọ̀pù ti ògiri, wọ́n bọ ìbọ̀wọ́ kan sílẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò épúróònù wọn, wọ́n yọ tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó wò yẹn. Apoògùn ti fún wọn.