Ẹ kọ́kọ́ kí bàbá ọmọ náà

Bàbá àti ìyá kan mú ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún 17, wá bá mi níbi tí mo ti ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn n'Íkòròdú. JAMB kù díẹ̀, ọmọ ò rí oorun sùn. Mo kàn sáré kí wọn, mo kọjú sọ́mọ: "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Ó dorí kodò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. Wọn ò padà wá mọ́.

Ó ṣì ń dùn mí dòní. Ṣé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa máa ń wo àgbà lójú kòrókòró ni? Mo sì sọ bàbá di àlejò lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tó bí.

Ní báyìí, mo máa ń kí gbogbo wọn dáadáa, mo á ní: "Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín." Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo á tọrọ àyè láti bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ní "orí mi ń gbóná, ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú ẹ̀", mi ò ní fi orúkọ àìsàn inú ìwé rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo á bi í pé ìgbà wo ló ń gbóná jù. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ nípa owó ìdánwò tí ìyá yá.

Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí ààfáà, mi ò bú wọn. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, jẹ́ kí ẹbí máa bá aláìsàn wọn gbé lábúlé ìtòsí, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ti tọkọtaya, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rí wọn. Ìyàwó ò ní tú àṣírí ọkọ lójú ẹ̀. Mi ò sì ń fi ìpàdé sọ́jọ́ tí Orò bá jáde, nítorí obìnrin ò lè rìn.

Àmọ́ o, wọ́n gbé obìnrin kan wá tí ojú ẹ̀ wú. Àwọn ẹbí ọkọ ní kí n sọ fún un kó fara dà á, pé bí ilé ọkọ ṣe rí nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní: "Ẹ má bínú, mi ò lè sọ ọ́. Láti 2007 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n bá ń lù nílé." Obìnrin náà ò bá wọn padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sùn.