Ìbò tí mo dì lọ́dún 2023

Ọdún 2023 ti ń kógbá wọlé, mo sì fẹ́ gbé ohun tó gba ọkàn mi jù nínú rẹ̀ yẹ̀ wò: ìbò tí mo dì. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Mi ò ní sọ ẹgbẹ́ tí mo dì í fún, torí pé ti ẹni tó wọlé kọ́ ló ń dùn mí.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fásitì ló sún mi débẹ̀. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022 la fi jókòó sílé, tí à ń wo ojú àwọn òbí wa, nígbà tí ọmọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó yanjú ọ̀rọ̀ náà ń kàwé lókè òkun. Mo forúkọ sílẹ̀, mo to ìlà, wọ́n ní káàdì mi ò tíì dé, mo padà lọ, mo tún padà lọ, títí mo fi gbà á. A pọ̀ tí a ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 93 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, àwa tí ọjọ́ orí wa wà láàárín 18 sí 34 lé ní mílíọ̀nù 37.

Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì, ọ̀wọ́n owó náírà ṣì gbóná. Ìyá mi ti ń jí lọ to ìlà ní báńkì fún owó tí wọn ò rí gbà, síbẹ̀ wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní àwọn ń lọ dìbò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò pẹ́ kí wọ́n tó dé, oòrùn mú, kò sẹ́ni tó padà sílé. Kò sí dìbò-kóo-sebẹ̀ níbùdó tiwa. Nígbà tílẹ̀ ṣú, wọ́n fi iná fóònù tan ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń gbé ìwé ìbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa sì ń kà á tẹ̀lé wọn: ení, èjì, ẹ̀ta. Àtàwọn tí ẹgbẹ́ wọn ń borí, àtàwọn tí tiwọn ń fìdí rẹmi, a jọ ń kà á ni. Mi ò nífẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè yìí tó bẹ́ẹ̀ rí.

INEC ti ṣèlérí pé láti ibùdó ìdìbò ni wọn yóò ti máa gbé èsì sórí ìkànnì IReV, kí olúkúlùkù lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ti àwọn aṣòfin gorí ìkànnì. Ti ààrẹ, tí wọ́n dì lọ́jọ́ kan náà, tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, yàwòrán rẹ̀ bákan náà, kò gorí ẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ. Mo ń ṣí ìkànnì yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, wọ́n kéde ẹni tó wọlé, èsì ọ̀pọ̀ ibùdó ò sì tíì sí níbẹ̀. Ibi tí ọkàn mi ti fọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣèlérí fún wa ò wá bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹ wá ní àlàyé.

Ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ìbò gómìnà l'Ékòó, tún wá burú jù. Ìyá kan tó ti ń ta oúnjẹ ládùúgbò wa kí wọ́n tó bí mi kò jáde, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé Ìgbò ni. Láwọn ibòmíì, wọ́n lé ẹni tí ojú rẹ̀ kàn jọ ti Ìgbò. Yorùbá ni mí. Orúkọ àwa ni wọ́n fi ṣe é, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ọdún, ẹ jọ rí i pẹ̀lú mi ni. Lítà epo bẹntiróò tí kò tó igba náírà ti lé ní ẹgbẹ̀ta kí oṣù Keje tó parí. Nínú oṣù Kọkànlá, a tún gbọ́ bílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ọkọ̀ ojú omi ààrẹ. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni ilé aṣojú-ṣòfin gbé owó náà sí ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Oṣù yẹn náà ni wọ́n rí ìwé èsì tí wọ́n ti kọ nǹkan sí kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀ láwọn ibùdó kan ní Kogí.

Àwọn tó dìbò ààrẹ ò pé mílíọ̀nù 25. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ọ̀dọ́. Ẹni tó to ìlà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní IReV kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ro èsì pọ̀, àìgbé èsì síbẹ̀ ò sì ní kí ìbò má fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo wá Òfin Ètò Ìdìbò ọdún 2022 jáde, mo kà á. Ọwọ́ INEC ni òfin náà fi bí wọn yóò ṣe máa fi èsì ránṣẹ́ sí. Apá yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n tún kọ kí ìbò ọdún 2027 tó dé, kí gbígbé èsì sórí ìkànnì di dandan. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń ṣojú wa l'Ábújá, oṣù Kìíní ọdún 2024 la máa gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, a ó sì máa padà lọ bí a ṣe padà lọ fún káàdì. Tí wọn ò bá tún un kọ, mi ò ní to ìlà yẹn mọ́.