Dísù àbí gáàsì? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí jẹnẹrétọ̀ RV, fún ẹ̀yin àbúrò mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ RV, ìyẹn àwọn mọ́tò tí èèyàn máa ń sùn sí, tó máa ń se oúnjẹ nínú ẹ̀ tó bá lọ pàgọ́, ìbéèrè kan wà tí gbogbo oníbàárà á bi yín: "Èwo ló dáa jù, ti dísù àbí ti gáàsì propane?" Ẹ má tètè dáhùn o. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ kí iná ọ̀hún gbé, kẹ́ ẹ sì tún bi í pé epo wo ni mọ́tò ẹ̀ ń jẹ. Ìdáhùn méjèèjì yẹn ló máa ń yan jẹnẹrétọ̀ fúnra ẹ̀, àríyànjiyàn pé èwo ló lágbára jù, ẹ̀yìn ìyẹn ló yẹ kó wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ti lóòdù, ìyẹn iye iná tí gbogbo nǹkan tí wọ́n so mọ́ jẹnẹrétọ̀ ń fà. Nínú RV, AC orí òrùlé ni ọ̀gá nínú jíjẹ iná. Èyí tó wọ́pọ̀, ti 13,500 BTU (ìwọ̀n bí AC ṣe lágbára tó láti mú ibì kan tutù), tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, á máa jẹ nǹkan bíi 1,300 sí 1,500 wáàtì, àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ tanná, ó lè fa ìlọ́po méjì ìyẹn fún ìṣẹ́jú akàn, ìṣẹ́jú akàn yẹn gan-an ló sì máa ń pa jẹnẹrétọ̀ kékeré. Microwave tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì sí lára, ooru tó ń fún oúnjẹ ni wọ́n ń sọ, iná tó ń fà lára ògiri sún mọ́ 1,500. Ẹ wá rò ó wò, AC kan àti microwave lẹ́ẹ̀kan náà, a ti dé 3,000, fíríìjì àti chájà bátìrì ò tíì sí níbẹ̀ o. Ẹni tó ní AC kan ṣoṣo, jẹnẹrétọ̀ gáàsì tó wà láàárín 2,500 sí 3,600 wáàtì á tó o, pàápàá tẹ́ ẹ bá fi soft starter, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí AC rọra tanná, sí AC ẹ̀ kí ìgbà títan má baà le jù. Ẹni tó ní AC méjì àbí mẹ́ta, tó ń fi iná dáná, tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ nínú mọ́tò, ti 8,000 wáàtì sókè ló ń wá yẹn, níbẹ̀ mi ò ní sọ̀rọ̀ gáàsì fún un rárá, dísù ni.

Ìdí ẹ̀ ni pé lítà dísù kan ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti lítà propane kan àti ààbọ̀. Ẹ tún fi ti ẹ́ńjìnnì dísù kún un, torí kì í lo púlọ́ọ̀gì láti tanná sí epo, ńṣe ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí afẹ́fẹ́ ọ̀hún á fi gbóná débi tí epo á gbaná fúnra ẹ̀, ìyẹn ò sì jẹ́ kó fi epo ṣòfò tó ti ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, iye lítà gáàsì tẹ́ ẹ máa sun láti rí iná kan náà sún mọ́ ìlọ́po méjì ti dísù. Sílíńdà tó gba kílò mẹ́sàn-án, tẹ́ ẹ bá fi jẹnẹrétọ̀ gbé AC kan láìsinmi, kò ní tó ọ̀sán kan òru kan. Ẹ sì rántí pé sílíńdà yẹn náà ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni wọ́n fi ń mú inú mọ́tò gbóná lóru, nínú RV tó pọ̀ fíríìjì náà ń mu níbẹ̀. Oníbàárà tẹ́ ò bá ṣàlàyé èyí fún, á pàgọ́ síbi tó jìnnà, gáàsì á tán láàárín òru, bí iná ṣe lọ ni ooru náà lọ.

Ìbéèrè kejì wá, epo wo ni mọ́tò ẹ̀ ń jẹ? Tó bá jẹ́ RV ńlá tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń jẹ dísù, ọ̀rọ̀ ti parí, inú táńkì kan náà ni jẹnẹrétọ̀ á ti máa mu, táńkì ọ̀hún sì tóbi. Ohun kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn tó ṣe mọ́tò wọ̀nyẹn mọ̀ọ́mọ̀ gé páìpù tí jẹnẹrétọ̀ fi ń fa epo kúrú, kó lè jẹ́ pé tí epo bá ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì, jẹnẹrétọ̀ ò ní rí fà mọ́, kí ẹni tó pàgọ́ sínú igbó lè rí epo wa mọ́tò ẹ̀ jáde. Torí náà tí wọ́n bá pè yín pé jẹnẹrétọ̀ kú, ẹ́ńjìnnì mọ́tò sì ń ta, ẹ wo géèjì epo kẹ́ ẹ tó ṣí àpótí irinṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti bu epo sí i, ẹ rí i pé ẹ yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù kúrò, dísù tó ti fa afẹ́fẹ́ kì í ta bọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ mọ́tò tó ń jẹ pẹtiróòlù ni, tó sì ti ní táńkì gáàsì lára fún ìdáná, lójú tèmi kò sídìí láti lọ so táńkì dísù mìíràn mọ́ ọn nítorí jẹnẹrétọ̀ nìkan. Ẹrù ni. Jẹnẹrétọ̀ gáàsì kékeré ò ju bí 60 kílò lọ, ti dísù 8,000 wáàtì lè ju 300 kílò lọ, kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni egungun ẹ̀ lè gbé ìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti farabalẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọṣẹ́ ti ń tú nǹkan tí ò bàjẹ́. Gáàsì inú sílíńdà, ńṣe ló wà bí omi. Ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń lò ni èyí tó ń hó di afẹ́fẹ́ jáde lórí omi yẹn. Kí omi yẹn tó lè máa hó, ó gbọ́dọ̀ rí ìgbóná fà látara irin sílíńdà àti afẹ́fẹ́ àyíká, ìwọ̀n -42 lórí Celsius ni propane ti ń hó lóòótọ́, àmọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá ń fà á kíákíá, omi yẹn á máa tutù sí i, yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara sílíńdà, agbára ìtì gáàsì á wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa lọ sókè lọ sílẹ̀, tó bá yá á kú. Gáàsì ò sì tán o! Bí gáàsì bá ṣe ń dín kù nínú sílíńdà ló ń burú sí i, torí irin tí omi ń fara kàn ti kéré. Àmì ẹ̀ ni pé á ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sàn-án, á máa kú ní ìdájí nígbà tí òtútù bá mú, tí wọ́n bá fi sílẹ̀ díẹ̀ á tún ta. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu oníbàárà, ẹ má fọwọ́ kan rẹ́gúlétọ̀ tó ń darí bí gáàsì ṣe ń jáde, ẹ má pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ẹ lọ fọwọ́ kan ara sílíńdà. Ojútùú ẹ̀ ni kí sílíńdà méjì jọ máa fún un lẹ́ẹ̀kan náà, àbí táńkì tó tóbi jù, àbí kí wọ́n dín lóòdù kù. Kí ẹnikẹ́ni má dáná sábẹ́ sílíńdà láé.

Kẹ́ni tó fẹ́ràn dísù má sì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ òtútù, ọ̀rá wà nínú dísù, ní nǹkan bí ìwọ̀n -10, dísù tí kì í ṣe ti ìgbà òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á sì dí fílítà pa.

Àmọ́ ohun tó ń ba jẹnẹrétọ̀ dísù jẹ́ jù nínú RV, lóòdù kékeré ni. Èèyàn á ra ti 8,000 wáàtì torí ó lówó lọ́wọ́, á wá máa fi gbé gílóòbù àti chájà fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, epo ò ní jó tán, èéfín dúdú àti epo tí ò jó á kóra jọ sínú sàlẹ́ńsà títí á fi máa kán nǹkan dúdú sílẹ̀, ẹnu nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì náà á dí. Ẹ jẹ́ kí lóòdù ẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀, tó bá lè tó ìdajì ó tún dáa jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúró lórí kíka lóòdù gan-an, tí oníbàárà bá tiẹ̀ ń sọ pé kí n sáà gbé ńlá fóun, mi ò ní gbé e fún un. Tó bá ní bátìrì lithium, ìyẹn dáa, torí bátìrì á máa gbé iná kéékèèké lóru, tí wọ́n bá wá tan jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kejì, chájà lithium ń fa iná gan-an, ẹ́ńjìnnì á rí iṣẹ́ gidi ṣe, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi pa á.

Ti ariwo ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ dísù inú RV ńlá, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ń yí 1,800 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan níbi tí iná jẹ́ 60 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú akàn kan (1,500 níbi tó jẹ́ 50 Hz), gáàsì kékeré tó wọ́pọ̀ ń yí ìlọ́po méjì ìyẹn. Èyí tó ń rọra yí máa ń pẹ́ láyé, ohùn ẹ̀ sì wúwo, kì í han gooro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbọ̀n dísù máa ń wọlé sí ẹni tó sùn. Tí wọ́n bá ń gun òkè náà, agbára ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) ń dín ní nǹkan bí 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo 300 mítà, ẹ fi ìyẹn kún ìṣirò fún ẹni tó fẹ́ràn òkè ńlá. Ní ti ìpamọ́, gáàsì borí, kì í bàjẹ́ nínú sílíńdà, dísù tó pẹ́ ńlẹ̀ máa ń gba omi, kòkòrò á hù níbẹ̀, fílítà á sì kún fún ẹrẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kí wọ́n máa tàn án lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún wákàtí kan sí méjì, pẹ̀lú lóòdù tó tó ìdajì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá jò, ilẹ̀ ló ń lọ, torí náà ìsàlẹ̀ lẹ ti máa gbé aago gáàsì, èyí tó ń dún tí gáàsì bá jò, kọ́, kì í ṣe òkè. Carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró inú èéfín ẹ́ńjìnnì, ní tiẹ̀ kò ní òórùn kankan, ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló ń tu ú jáde, ti dísù kéré sí i lóòótọ́ àmọ́ ó ń pààyàn. Kí aago tiẹ̀ náà wà níbi tí wọ́n ń sùn, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ lójú oníbàárà kó gbọ́ ohùn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka déètì tí aago náà á lò tán fún un. Ẹ wo ibi tí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí, kó má kọjú sí fèrèsé, kó má sì sí lábẹ́ ibi tí wọ́n á ta tápólì sí. Tó bá jẹ́ ti gáàsì, ẹ po ọṣẹ, ẹ fi sí gbogbo ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀, kẹ́ ẹ ṣí gáàsì, tó bá hó níbì kan péré, ẹ má tíì gbé kọ́kọ́rọ́ fún onímọ́tò.