Ṣé Páàtì Tuntun Náà Fi Kún Agbára Alùpùpù Yín Lóòótọ́?

Bí ènìyàn bá pààrọ̀ páìpù èéfín alùpùpù onísìlíńdà kan, ó ṣòro kí ó má sọ pé agbára ẹ́ńjìnì ti pọ̀ sí i. Ariwo rẹ̀ ti yàtọ̀, owó ti jáde lápò, ara ẹni tó gùn ún sì ti ń retí ìyàtọ̀ kí ó tó yí tírótù. Èmi kì í bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, nígbà tí páìpù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣé ẹ wọn agbára alùpùpù náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, báwo sì ni iye tí ẹ rí lákọ̀ọ́kọ́ ṣe jìnnà sí èyí tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kejì tó? Bí kò bá sí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, àbá lásán ni gbogbo ohun tí a bá sọ nípa páìpù tuntun náà.

Ara wa kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá yọ sipirọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) tó ní eyín 15, tó fi èyí tó ní eyín 14 rọ́pò rẹ̀, yóò rí i pé alùpùpù náà ń ta síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ipá tó ń dé táyà ẹ̀yìn nínú jíà kọ̀ọ̀kan ti fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n agbára ẹ́ńjìnì kò yí padà rárá. Ohun tí a jèrè nínú ipá, inú eré la ti san án padà. Agbára tí mo ń sọ ni ohun tí a rí nígbà tí a bá fi iye ìyípo ẹ́ńjìnì ní ìṣẹ́jú kan sọ agbára ìyí rẹ̀ (torque, ìyẹn ipá tó fi ń yí ọ̀pá rẹ̀) di púpọ̀: bí agbára ìyí bá wà ní Newton-mítà, tí a sì fi 9,549 pín èsì náà, kilowatt ni yóò já sí. Agbára ẹṣin kan jẹ́ watt 745.7, ṣùgbọ́n irú kejì tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń kọ sínú ìwé wọn jẹ́ watt 735.5, nítorí náà ẹni tí kò bá wo èyí tí wọ́n lò ti fi nǹkan bí ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pá ẹ́ńjìnì gan-an ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń wọn tiwọn, nígbà tí àwa ń wọ̀n ọ́n lórí táyà ẹ̀yìn, lẹ́yìn tí jíà, ṣéènì àti táyà fúnra rẹ̀ ti gba ìpín tiwọn. Ẹ má ṣe fi èsì yín wé ìwé tó bá alùpùpù wá. Alùpùpù náà ni kí ẹ fi wé ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ni dyno. Irú tó wọ́pọ̀ jù fún alùpùpù ní rólà irin wíwúwo kan tí táyà ẹ̀yìn máa ń yí. Nítorí pé a ti mọ bí rólà náà ṣe ṣòro yí tó, kọ̀ǹpútà kàn ń ka bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i láti ìgbà dé ìgbà ni, yóò sì fi ìyẹn ṣírò agbára tó ń yí i. Ibí yìí ni ẹ́ńjìnì onísìlíńdà kan ti ní ìwà tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní four-stroke, tí písítìn ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó tún tàn, ìyípo 6,000 ní ìṣẹ́jú kan já sí pé epo ń gbiná ní ìgbà 50 péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láàárín iná kan sí èkejì sì rèé, ìwúwo tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì nìkan ló ń gbé e lọ. Ọ̀pá ẹ́ńjìnì ń yára, ó ń falẹ̀, ó tún ń yára. Bí a bá wo ìlà agbára náà kí kọ̀ǹpútà tó tún un ṣe, ṣe ló máa ń rí bí eyín ayùn. Kọ̀ǹpútà á wá dán an, ìyẹn ni pé á mú kí eyín náà tẹ́jú, bí ó bá sì ṣe dán an tó ni iye tó ga jù lọ lórí ìlà náà yóò ṣe ga tàbí kéré. Mo ti rí ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀ láti inú ìwọ̀n kan ṣoṣo, tí iye orí wọn kò bára mu, kìkì nítorí pé ẹni tó tẹ̀ wọ́n yí ìwọ̀n dídán padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ìwọ̀n.

Ohun mìíràn wà tí rólà yìí lè fi tàn wá. Bí ẹnì kan bá fi rímù ẹ̀yìn tó fúyẹ́ tàbí sipirọ́kẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, dyno yóò sọ pé agbára ti pọ̀, nítorí pé ohun tó gbọ́dọ̀ yára pẹ̀lú rólà náà ti dínkù. Ẹ́ńjìnì kò mú ohunkóhun jáde ju ti àná lọ. Kì í ṣe pé páàtì fífúyẹ́ kò wúlò, nítorí alùpùpù yóò yára kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró lórí eré kan ṣoṣo níbi tí nǹkan kò ti yára sí i mọ́, ìyàtọ̀ náà yóò pòórá. Dyno oníbíréèkì, tó lè di ẹ́ńjìnì mú lórí iye ìyípo kan, kì í bọ́ sínú ọ̀fìn yìí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Bí ìgbóná bá fi 3°C pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ tó wà nínú àyè kan náà yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, ẹ́ńjìnì kò sì lè jó ju epo tí afẹ́fẹ́ tó wọlé bá gbà lọ. Ìdí nìyí tí dyno fi ń ṣe àtúnṣe sí iye tó bá kà, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo ìwọ̀n wáyé. Ìlànà SAE J1349, ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ tó ń jẹ́ SAE, gbà pé ìgbóná jẹ́ 25°C àti pé ipá tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ fi ń tẹ nǹkan jẹ́ kilopascal 99. Ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń kọ ní STD gbà pé ó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní 15.6°C, àti pé ipá afẹ́fẹ́ náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà iye rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti SAE. Ẹ wá wo ẹni tó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú SAE kí ó tó ra páìpù, tó sì gba ìwé STD lẹ́yìn tó rà á: ó ti jèrè láìtú bóòtù kan. Àtúnṣe yìí pàápàá kò mọ ohun gbogbo, torí afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń wọ̀n, nígbà tí èyí tí ẹ́ńjìnì ń fà lè ti gbóná lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ nígbà tí kò sí atẹ́gùn tó tó níwájú rẹ̀.

Ìgbóná ẹ́ńjìnì ni mo kà sí ohun tó ń ba ìwọ̀n jẹ́ jù lọ fún ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tù. Ìwọ̀n kìíní á dára, èkejì á dínkù díẹ̀, ẹ̀kẹta á tún dínkù, ẹni tó fi páàtì tuntun sí i lẹ́yìn tí ó ti tutù á wá máa yọ̀. Òṣùwọ̀n ìgbóná kékeré tí wọ́n ń há sábẹ́ plọ́ọ̀gì ló ń yanjú rẹ̀: a kì í bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n àfi tí ó bá ti dé iye kan náà. Kí afẹ́fẹ́ táyà dọ́gba, kí ṣéènì má le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí bẹ́líìtì tó de alùpùpù mọ́lẹ̀ má fún ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí jíà sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti wà létòlétò, a lè wá béèrè ohun tí a wá. Ká sọ pé alùpùpù tí a kò tíì fọwọ́ kàn fún wa ní kilowatt 8.0, lẹ́yìn náà 8.1, lẹ́yìn náà 7.9. A ti mọ̀ báyìí pé ó lè fi 0.2 yàtọ̀ sí ara rẹ̀ láìsí ìdí kankan. Bí páìpù tuntun bá mú 8.15 wá, kò tíì sọ ohunkóhun. Bí ó bá mú 8.6 wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ó ku ìwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún, òun náà sì ni mo fẹ́ràn jù: kí a dá páìpù àtijọ́ padà kí a sì tún wọ̀n ọ́n. Bí iye náà bá padà sí 8.0, páìpù ló ṣiṣẹ́. Bí ó bá dúró sí 8.4, ohun mìíràn ló yí padà lọ́jọ́ náà, ká tó máa fi ògo fún páìpù.

Ohun tí páàtì ń ṣe gan-an kò pamọ́. Páìpù tó gba èéfín láyè jù àti asẹ́ afẹ́fẹ́ tó la jù sábà máa ń sọ àdàlù epo di èyí tí epo kò tó nínú rẹ̀, pàápàá nínú alùpùpù oníkábúrétọ̀ tí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀) kò yí padà. Epo bẹntiróòlù ń jó tán nígbà tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 14.7 sí epo 1 ní ìwúwo, ṣùgbọ́n ibi tí agbára ti ń ga jù máa ń wà ní nǹkan bí 12.5 sí 13. Nítorí náà kí wọ́n ki òṣùwọ̀n èéfín bọ páìpù, kí a lè rí àdàlù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà agbára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn á pààrọ̀ páìpù àti jẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì gbé gbogbo èrè fún páìpù, nígbà tó jẹ́ pé jẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ìbá ti mú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ wá pẹ̀lú páìpù àtijọ́.

Àpótí afẹ́fẹ́ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ tètè yọ. Sìlíńdà kan ṣoṣo kì í fa afẹ́fẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ó ń fà á lójijì, á sì dẹ́kun. Àpótí náà ń kó afẹ́fẹ́ pamọ́ láàárín ìfà kan sí èkejì, ìró tó ń gbà á sì máa ń ran àwọn ìyípo kan lọ́wọ́. Bí a bá yọ ọ́, tí a fi asẹ́ kékeré sẹ́nu kábúrétọ̀, iye orí ìlà lè gòkè díẹ̀ nígbà tí àárín rẹ̀, níbi tí a ti ń gùn ún lójoojúmọ́, ti rì. Gbogbo ìlà ni kí ẹ máa wò.

Ihò sìlíńdà tí wọ́n fẹ̀ sí i yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹ mú Honda CG125, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 56.5, tí písítìn rẹ̀ sì ń rin mílímítà 49.5: èyí jẹ́ 124 cc. Bí a bá fẹ ihò náà sí 62, yóò di 149 cc, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni a fi kún un. Ní ìyípo kékeré, agbára ìyí sábà máa ń gòkè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lókè, kábúrétọ̀ àti fáàfù tí a kò yí padà á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́rùn. Bí àyè tí epo ti ń jó kò bá sì yí padà, ìwọ̀n ìfúnpọ̀ (bí písítìn ṣe ń fún àdàlù náà pọ̀ tó) tó jẹ́ 9 sí 1 á di bíi 10.6 sí 1, a sì nílò epo tí kì í gbiná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ti ẹ́ńjìnì tí a kò fọwọ́ kàn, irú epo olówó ńlá bẹ́ẹ̀ kì í sábà fi agbára kún un, plọ́ọ̀gì olówó ńlá náà kò sì ní fi kún un bí èyí tó wà níbẹ̀ bá dára.

Ẹni tí kò rí dyno lè lo ọ̀nà tó tẹ́jú, tí kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀. Kí ó yan jíà kan, kí ó yí tírótù tán, kí ó sì fi GPS ka àkókò tí alùpùpù fi kúrò ní 60 dé 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí alùpùpù àti ẹni tó gùn ún bá jẹ́ kìlógíráàmù 200, joule 21,600 ni eré náà gbà. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 6, ó jẹ́ kilowatt 3.6, láìka èyí tí afẹ́fẹ́ iwájú àti táyà jẹ. A gbọ́dọ̀ lọ kí a sì bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, kí a ro àkókò méjèèjì pọ̀ kí a sì pín in sí méjì, nítorí atẹ́gùn àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí aṣọ jẹ́ ọ̀kan náà, kí orí má tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè gba gbogbo ohun tí páìpù tuntun mú wá. Ọ̀nà yìí yóò fi ihò tí a fẹ̀ hàn kedere. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá kò bá tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, orí dyno ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.