Ohun tí téèpù mi mọ̀ ní 2025

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin oníbàárà tí mò ń ránṣọ fún àti gbogbo ará Ìbàdàn. Òwú àti láínì gbówó lórí lọ́dún yìí, ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣe firídọ̀ọ̀mù, màmá mi ń bẹ láàyè ní Bẹẹrẹ. Mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti àwọn tó ń gbé níwájú kámẹ́rà àti àwa tí à ń wò wọ́n.

Láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹwàá, Big Brother nìkan là ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Àdó, ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn jọ sínú ilé oníkámẹ́rà, tí òǹwòran ń dìbò fún wọn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Imisi gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù 150 náírà, ijó ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jó wọlé. Èmi náà bá wọn jó. Ìlú tẹlifíṣọ̀n ṣáà ni ìlú wa, láti 1959 tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wò ó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n pa kámẹ́rà, àwọn olólùfẹ́ kò sì tú ká. Wọ́n ní dandan ni kí lágbájá fẹ́ làmọ̀rín, torí pé àwọn dìbò fún àwọn méjèèjì. Wọ́n ń fẹ fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ lójú láti wo ikùn rẹ̀ bóyá oyún ti wà níbẹ̀. Wọ́n á wá ìyá rẹ̀ kàn lórí Instagram, wọ́n á sì bú u. Oníbàárà mi kan tó ń náwó gidi lórí ìbò bi mí pé, “Àǹtí, ṣebí àwọn ló fẹsẹ̀ ara wọn wọlé? Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́?”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n buwọ́ lù. Ìyá wọn kò buwọ́ lu nǹkan kan. Jennifer Ringley ní Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà sí yàrá ara rẹ̀ ní 1996, kí ètò Big Brother tó bẹ̀rẹ̀ rárá, tí ayé ń wò ó bó ṣe ń sùn tó ń jí. Nígbà tí 2003 ń parí lọ, ó pa á. Òun ló ni ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló jẹ́ kí èyí yé mi. Téèpù mi máa ń mọ oyún kí ìyá ọkọ tó gbọ́. Ó mọ ẹni tí ìbànújẹ́ ti mú rù, ó mọ ẹni tó ní kí n fi nǹkan tẹ́ búláòsì òun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí aṣọ lè bá wọn mu ni wọ́n ṣe jẹ́ kí n rí i. Bí mo bá gbé e dé òde àríyá, olè ni mí, bí wọ́n tilẹ̀ ti san owó ìránṣọ wọn tán.

Hana Kimura ti Japan kò kúrò lọ́kàn mi. Oníjàkadì ni, ẹni ọdún 22, nínú irú ilé oníkámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ba aṣọ ìjàkadì rẹ̀ jẹ́ níbi ìfọṣọ, inú sì bí i. Ta ni kò ní bínú? Èmi tí mò ń ránṣọ, mo mọ ohun tí aṣọ iṣẹ́ jẹ́ fún ẹni tó ni ín. Àwọn òǹwòran rọ̀jò èébú lé e lórí, àfi bó ṣe gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2020. Ó di 2022 kí Japan tó mú òfin èébú le sí i, tí ẹni tó bá rú u fi lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Nílé wa níbí, abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù. Kò yọ ẹni tó ti ṣe tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀.

Ní 2026, a ó tún wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, a ó jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó jáde títí ọ̀nà ọ̀fun á fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ mi tó bá bú ìyá ẹnikẹ́ni lórí fóònù kò ní fọwọ́ kan máṣíìnì mi lọ́jọ́ náà. Mo ti sọ ọ́ fún wọn, wọ́n sì gbà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí wọ́n ti ń pín nọ́ńbà fóònù àwọn òbí àwọn tó wọlé. Orí mi wú nígbà tó sọ fún mi.

Ọjọ́ 5 oṣù kìíní la máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ní ìnáwó ní oṣù kejì, ẹ tètè mú aṣọ yín wá.